Ilé Kẹwàá

Iṣẹ́ tí olùkọ́ ìṣirò fún wọn lọ́jọ́ Ajé yẹn kò le. Gbogbo kíláàsì ló gbà bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tí wọn kò lè pín méjìlá sí mẹ́ta láìkọ́kọ́ wo ojú ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé mẹ́wàá ládùúgbò rẹ̀, kí ilé tirẹ̀ wà lára wọn, kí ó béèrè iye ọmọ tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ohun tí wọ́n ń pè ní moyenne, ìyẹn iye tí ì bá kan ilé kọ̀ọ̀kan ká ní a kó gbogbo ọmọ jọ tí a sì pín wọn lọ́gbọọgba. Kí ó tún wá médiane, ìyẹn iye tó bọ́ sí àárín nígbà tí a bá to gbogbo rẹ̀ láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó pọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, oníkálukú yóò dìde síwájú pátákó, yóò ṣàlàyé tirẹ̀.

Kí a kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, kí a máa pín in bí ẹran iléyá. Ẹ má bá Monsieur Isidore wí. Ọmọ Kpalimé ni, bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ ìyá kan níbẹ̀ tó béèrè iye ọmọ, ẹ̀rín ni ìyá náà yóò fi dá a lóhùn, yóò tún bu omi fún un mu. Ọkùnrin náà kò mọ̀ pé àwọn ilé kan wà nínú Lomé yìí tí a kì í ti í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sì sọ fún un? Ìsìlámíyátù tó yẹ kó sọ ọ́ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, inú rẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ rọrùn.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ìṣirò ti ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Kò tíì gba mẹ́wàá nínú ogún rí láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì quatrième. Monsieur Isidore ti pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní iṣẹ́ yìí nìkan ló kù kí àwọn olùkọ́ tó jókòó sọ̀rọ̀ ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń tún kíláàsì ṣe. Bàbá rẹ̀, Rídúwánù, tó ń ta páàtì ọ̀kadà lọ́jà, sì ti sọ tirẹ̀ láìgbójú sókè nídìí oúnjẹ.

"Bí wọn ò bá gbé ẹ lọ sókè, Baguida lò ń lọ, lọ́dọ̀ àǹtí ẹ. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní bi ẹ́ ní moyenne."

Rídúwánù kì í pariwo, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí kò sí ilé ìwé, òun àti Véronique jọ jáde. Véronique jẹ́ ọmọ Mina, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, àgbàlá kan náà ni wọ́n sì ń gbé ní Tokoin Wuiti. Yàrá àwọn òbí wọn kọjú síra débi pé bí ẹnì kan bá sín ní ìhín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè kí i. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, àwọn ènìyàn sì ń dáhùn. Ẹnì kan ní mẹ́ta, ẹnì kan ní méjì, ìyá kan tó ń ránṣọ ní ọ̀kan ṣoṣo, ó sì mí kanlẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìsìlámíyátù ti ní ilé mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Ó ku ọ̀kan, ìyẹn sì ni ilé tiwọn.

Ṣé ẹ rí i, kò mọ iye ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ẹni tó ń tọ̀ sílé àti ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà sọ pé iye báyìí ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka, ó sì ń gbé e láti orí dé orí, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ti dé orí èyí tó kéré jù, Àbídèmí, ọmọ ọdún méjì tó fi gàrí kun imú, kí ọwọ́ kan tó gbá a mú láti ẹ̀yìn.

Ìyá Àgbà ni, Àpèkẹ́, ìyá bàbá rẹ̀.

"Kí lò ń fi ìka kà?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni, Ìyá Àgbà. Ìṣirò ni."

"Ìṣirò ló ní kí o na ìka sí ọmọ ìyá ẹ nídìí oúnjẹ?"

Ìyá Àgbà fà á lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kò lù ú. Ó jókòó lórí àpótí, ó sì ń wo ilẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó titun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá kà wọ́n. Àwọn ìyálé òun sá wọ yàrá, wọ́n ní àwọn kò sí nílé. Òun nìkan ni òun jáde sí i, nítorí pé òun bí àwọn ọmọ òun ní àbíyè, ọkàn òun sì ga. Òun dárúkọ iye wọn fún un ketekete, ọkùnrin náà sì kọ ọ́. Kí iṣu titun tó jáde lọ́dún yẹn, iye tí òun sọ ti di irọ́.

"Kò ju bàbá ẹ tó ṣẹ́ kù fún mi lọ," ni ó wí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Ìsìlámíyátù. Orúkọ la fi ń pe ọmọ. Ohun tí aráyé bá ti mọ iye ẹ̀, òun ló ń dín."

Ọmọ náà tọrọ àforíjì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara Àbídèmí ti ń jó bí iná. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí ní Ọjọ́bọ̀, ó ti ń gan, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà, ìyá wọn, Ọláyẹmí, sì dúró tì í níbẹ̀. Ìyá Àgbà di ẹrù wọn, ó ń múra láti tẹ̀ lé wọn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Ìsìlámíyátù kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìwò ó. Kò bá a wí, kò bú u. Ká ní ó tiẹ̀ bú u ni, ì bá sàn. Ìsìlámíyátù wo ìka tó fi kà wọ́n, ó sì wù ú kó gé e sọnù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní òun kò lọ sí ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ, pé ẹni tó ń sunkún nílé ìwòsàn ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí ara rẹ̀ níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, pẹ̀lú ojú tí kò fi kan oorun.

Ó kọ iye àwọn ilé rẹ̀ ní títò: 1, 2, 2, 3, 3, 3, 4, 4, 5. Ó dáwọ́ dúró.

Monsieur Isidore fi rúlà rẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ní ìkákò, kò sì fẹ́ràn kí a fi àkókò òun ṣòfò. "Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá ni mo ní kí ẹ mú. Èwo ló kù?"

"Tiwa ni, Monsieur."

"Ó dáa. Iye ọmọ mélòó?"

Iye náà wà lórí ahọ́n Ìsìlámíyátù bí iṣu gbígbóná, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu sílẹ̀. Ó rí Àbídèmí lọ́kàn rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Kíkà tó kà wọ́n sínú lásán ló dá ọmọ dùbúlẹ̀. Bí ó bá wá là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì yìí, kí ni yóò ṣẹ́ kù?

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

"Ẹ jọ̀ọ́, Monsieur."

"Ẹ jọ̀ọ́ kì í ṣe iye." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. "Àbí o ò mọ iye ọmọ ìyá rẹ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Monsieur. N kò lè sọ ọ́ ni."

Ẹ̀rín tún bú. Ẹnì kan láàárín wọn ní bóyá wọ́n pọ̀ ju ohun tó lè kà lọ. Monsieur Isidore kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọ̀lẹ ń gbà bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ titun sí i. Ó lọ sídìí tábìlì, ó sì ṣí bíírò pupa. Ó ní òdo ni òun ń kọ, bí Ìsìlámíyátù kò bá sọ̀rọ̀ kí òun tó kọ ọ́ tán.

Baguida ti dé nìyẹn. Ìsìlámíyátù rí i kedere, ó rí ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó rí bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe máa wọ aṣọ ilé ìwé kọjá. Síbẹ̀, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni Véronique nawọ́ sókè. Ọmọ yẹn kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó fẹ́ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òdo ni.

"Monsieur, èmi mọ̀ ọ́n. Àgbàlá kan náà là ń gbé."

"Véronique, dákẹ́," ni Ìsìlámíyátù wí. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ le ju bó ṣe rò lọ.

"Ta ni olùkọ́ níbí?" Monsieur Isidore gbé bíírò dúró. "Véronique, dìde. Sọ ọ́."

Véronique dìde. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo olùkọ́, ó sì la ẹnu. Ìsìlámíyátù kò dúró kí ó sọ ọ́. Ó yíjú sí pátákó, ó sì fi agbára kọ lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iye yòókù tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì fi kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kọ x.

"Ilé wa nìyí, Monsieur," ni ó wí.

Òun àti lẹ́tà yìí ti jà fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ équation, òun nìkan ló ń béèrè pé kí ló dé tí a fi ń da lẹ́tà mọ́ ìṣirò: bí o bá mọ iye, sọ ọ́, bí o ò bá mọ̀ ọ́n, jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí àlàyé tí Monsieur Isidore ṣe tó wọ̀ ọ́ létí. Àfi ìgbà tí ó dúró síbẹ̀ ni ó rí i pé iye kan lè wà, kí ó jókòó sí àyè rẹ̀, kí a fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kí a fi ṣe, kí ó má sì sí ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀. Ó dà bí ìborùn tí a fi bo ojú ọmọ titun. Ọmọ ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, ojú ayé ni kò rí i.

Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín. Monsieur Isidore gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ṣẹ́jú sí Véronique pé kí ó jókòó.

"Máa bá a lọ," ni ó wí, bíírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Moyenne."

Ìsìlámíyátù ro iye àwọn ilé mẹ́sàn-án pọ̀, ó jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó fi x kún un, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ mẹ́wàá sísàlẹ̀ ìlà. Olùkọ́ ní òun kò rí iye kankan níbẹ̀. Ìsìlámíyátù dá a lóhùn pé moyenne àwọn ilé mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ mẹ́ta géérégé. Bí ilé tiwọn bá jẹ́ mẹ́ta, kò ní yí padà. Bí ó bá ju mẹ́ta lọ, yóò gòkè díẹ̀. Bí kò bá tó mẹ́ta, yóò wálẹ̀ díẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń yé òun fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn tó sì ń kan ògiri níbi tó rò pé ó wà.

"Ìyẹn dáa," ni Monsieur Isidore wí, kò sì jọ pé inú rẹ̀ dùn. "Ṣùgbọ́n o ò lè fi x wá médiane. Kí a tó mọ èyí tó wà láàárín, a ní láti mọ ibi tí ilé yín máa dúró sí nínú ìlà. Torí náà, wàá sọ ọ́. Tàbí kí Véronique sọ ọ́."

Kíláàsì ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Ìsìlámíyátù wo àwọn iye náà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Ó fi ìka nu x kúrò, ó sì kọ ọ́ sí iwájú pátápátá, bí ẹni pé ilé wọn ló kéré jù. Ó ka méjì tó bọ́ sí àárín. Mẹ́ta àti mẹ́ta. Ó tún nù ún, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, bí ẹni pé ilé wọn ló pọ̀ jù. Mẹ́ta àti mẹ́ta. x kò bọ́ sí àárín. Kò yí padà.

"Mẹ́ta ni, Monsieur. Ibi yòówù kí a dúró sí, mẹ́ta ni. Kò béèrè wa."

Monsieur Isidore sún mọ́ pátákó. Ó gbé rúlà, ó ń tọ́ka, ó ń kà á sínú, ó tún padà kà á. Nígbà tó yíjú sí i, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kí ló dé tí o ò lè sọ iye ọmọ ìyá rẹ?"

"Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìwòsàn."

Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ mẹ́rìndínlógún nínú ogún, ó sì ní kí ó máa lọ síbẹ̀. Ìsìlámíyátù kò yọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun kò sọ ọ́, pé ẹnu òun kò tún fi kún ohun tí ìka òun ti ṣe. Ó sáré gun ọ̀kadà.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i nílé ìwòsàn. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n bi ẹ́?"

"Wọ́n bi mí, Ìyá Àgbà. N ò sọ ọ́."

Ìyá àgbàlagbà náà mi orí, ó sì fà á mọ́ra. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó bí ẹni pé dídákẹ́ wọn ló di ọmọ yẹn mú sáyé.

Àbídèmí dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Dókítà ní ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, pé wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Joséphine ló ń kọ àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá. Ó ti rẹ obìnrin náà, bẹ́ẹ̀dì tó ń dúró dè é ṣì pọ̀, kò sì gbé ojú kúrò lórí ìwé bí ó ti ń fi èdè Mina béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ọláyẹmí. Orúkọ bàbá. Ibi tí wọ́n ń gbé. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, ọmọ mélòó ló wà láyé fún un, pẹ̀lú èyí?

Tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà dúró. Ọláyẹmí wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo nọ́ọ̀sì. Ó ti gbé ilé yìí pẹ́ tó láti mọ ohun tí a kì í ṣe níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

"Ìsìlámíyátù," ni ó wí. "Sàkírù. Mùínátù. Àkàndé."

Ìka ọwọ́ òsì Joséphine ń kan tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan bí orúkọ ti ń jáde. Ọláyẹmí bojú wo bẹ́ẹ̀dì. Ó la ẹnu láti pe èyí tó kù, ohùn kò jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹkún ló dáhùn. Ó fi ìborùn dí ẹnu.

Nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé iye nìkan ló ń kà, rò pé Ọláyẹmí ti pe gbogbo wọn tán.

"Mẹ́rin, pẹ̀lú èyí," ni ó wí, ó sì gbé bíírò lé ìwé.

Orí Ìsìlámíyátù wú. Ó wo Ìyá Àgbà pé kí ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti di ojú. Mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kọ. Wọ́n fẹ́ kọ wọ́n bí ẹni pé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ti lọ, ẹnì kankan nínú ilé rẹ̀ kò sì sọ pé rárá. Ẹ̀rù ń bà á ju bó ti bà á níwájú pátákó lọ. Ó dìde.

"Márùn-ún," ni ó wí lédè Yorùbá, kò tiẹ̀ mọ èdè tó ń sọ. Ó di bíírò nọ́ọ̀sì mú. "Cinq, Madame. Márùn-ún la jẹ́. Àbídèmí ni karùn-ún."

Joséphine gbójú sókè wò ó. Ó wo ìyá tó ń sunkún, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì kọ márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó dìde lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá.

Ìyá Àgbà la ojú. Kò bá a wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì tẹjú mọ́ àyà ọmọ náà, wọ́n ń dúró de ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn yóò ṣe. Àyà náà gbéra sókè, ó sì rọlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó tún gbéra.